Aago Olùdarí Kì í Purọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde dúró ná. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ sì mí kanlẹ̀. Bí ẹ bá bi mí pé nítorí kí ni, èmi náà kò mọ̀. Aago ọwọ́ ọ̀gá kan ló pa á láṣẹ, odidi iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Àgbádárìgì sì ń ṣe é fún oṣù méje láìsí ẹni tó bi aago náà pé kí ló dé. Ó yá, ẹ lè jókòó. Ìtàn ọ̀gá náà ni mo fẹ́ sọ, n kò sì ní bo àṣírí rẹ̀ fún un.

Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Olóyè Akóredé Gbádéyan, Olùdarí Àgbà Iléeṣẹ́ Ìmọ́tótó Etíkun. Ẹ pè é tán o, ẹ má gé e kù. Akọ̀wé kan wà tó kọ "Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan" sára àpò ìwé, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bá a ṣẹjọ́. Oyè Ọ̀mọ̀wé yẹn, ọjọ́ mẹ́ta náà ló fi gbà á ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kútọnu, oúnjẹ ọ̀sán sì wà nínú rẹ̀. Ní ti oyè ìlú, ìlú tí wọ́n ti fi í jẹ ẹ́, àwọn ará ibẹ̀ kò tíì gbọ́.

Iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà kò lọ́jú pọ̀. Wolé-wolé mẹ́rìnlá ni wọ́n ní, tí wọ́n ń rìn káàkiri àwọn ìletò etí omi láti wo ibi tí àwọn ènìyàn ń da ìdọ̀tí sí, láti wo ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, àti láti bá ẹni tó bá ń yàgbẹ́ sétí òkun wí. Ìwé pélébé kan àti bírò ni irinṣẹ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ìlú sì mọ́ níwọ̀n tó lè mọ́.

Àfi ìgbà tí Olùdarí ra aago. Nígbà tó ń ti Kútọnu bọ̀ pẹ̀lú oyè ọlọ́jọ́ mẹ́ta rẹ̀ ló rà á, aago ọwọ́ ìgbàlódé tó máa ń bá fóònù sọ̀rọ̀, tí fóònù náà á sì máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Tí ènìyàn bá rìn, ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí lẹ́tà bá wọ fóònù, á hàn lójú aago. Ẹni tó tà á ló ṣètò gbogbo rẹ̀ fún un, kò sì sí ohun tó kù fún Olùdarí ju kó máa wò ó kó máa mi orí lọ. Ohun tí ènìyàn kò bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́.

Ní wákàtí wákàtí, aago náà a gbọ̀n rìrì lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kó dìde. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú rẹ̀ mọ̀ pé ìmọ̀ràn lásán ni, fún ẹni tó bá ti jókòó pẹ́ jù. Èèyàn lè fi àtàǹpàkò kan pa á lẹ́nu mọ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n Olùdarí gbà pé àṣẹ ni. Ó tún wá rò ó pé kò bójú mu kí ọ̀gá wà ní ìdúró kí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ wà ní ìjókòó. Bí ó ṣe di òfin nìyẹn. Shamsudeen, akọ̀wé àgbà rẹ̀, ọkùnrin kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìkúnlẹ̀, ni yóò kígbe pé, "Aago ti sọ̀rọ̀!" Gbogbo ọ́fíìsì á dáhùn pé, "A ti gbọ́!" Wọn á dìde, wọn á mí sínú, wọn á mí sóde, lẹ́yìn náà ni wọn á tó padà sídìí iṣẹ́ tí wọn kò ṣe.

Baálẹ̀ kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún wá fẹjọ́ kòtò ìdọ̀tí sùn lọ́jọ́ kan. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí aago fi sọ tirẹ̀. Wọ́n fa baba náà dìde tòun ti ọ̀pá.

"Bàbá, ẹ mí sínú," Shamsudeen ní.

"Ọmọ mi, mo ti ń mí kí wọ́n tó bí bàbá rẹ," ni baba náà fèsì. Ó mú fìlà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kòtò náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Bí ó bá mọ níbẹ̀, ìwọ̀sí lásán ni, à bá sì rẹ́rìn-ín ká gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ọba sínú aago yóò wá ìlú fún un láti jẹ. Ní ọjọ́ Ajé kan, Olùdarí pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó gun orí pèpéle, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ó ní, "ẹ̀yin tí orí yín gbé yín pàdé mi! Ayé ti kúrò níbi tí ẹ bá a. Bírò ń purọ́. Ìwé ń purọ́. Ẹnu ènìyàn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí n sọ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í purọ́! Láti òní lọ, ẹni tí aago bá ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹni tí aago bá ní kò sí níbẹ̀, bó bá dúró níwájú mi tó ń fi orúkọ Ọlọ́run búra, kò sí níbẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Shamsudeen bú sẹ́kún. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, kò sun tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá tó bí i kú.

Òfin jáde. Wolé-wolé kọ̀ọ̀kan gba aago kan àti fóònù kan, wọ́n so gbogbo rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà níwájú Hikmat, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì. Ojoojúmọ́, kí kálukú rin ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ohunkóhun nínú fóònù náà, nítorí ìkà tó wà lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tí ẹ̀rọ bá sì rí níta Nàìjíríà fún ìlàjì wákàtí lákòókò iṣẹ́, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ lẹ́tà ìdádúró fún un, pẹ̀lú ìbuwọ́lù Olùdarí, yóò fi ṣọwọ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ kí ojú lè tì í, yóò sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́ ní Ìkẹjà. Olùdarí ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà náà. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi kọ ọ́.

Hikmat béèrè ọ̀rọ̀ kan péré. "Ọ̀gá, ṣé kí n yọ orúkọ yín kúrò láàárín àwọn tí ẹ̀rọ yóò máa ṣọ́?"

"Yọ orúkọ ta ni?" Olùdarí ní. "Níbo lo ti rí ara tí kò ní orí? Orúkọ mi ni kó ṣáájú. Kọ ọ́ gàdàgbà."

Hikmat kọ ọ́ gàdàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi mọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Wolé-wolé tó wà ní Ajido ń jẹ́ Rewájú, ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá wà lókè odò, ìsàlẹ̀ odò ni ẹ ó ti bá a. Ìdí ààrò Dosi ló máa ń jókòó sí, Dosi tó ń yan ẹja ṣáwá tí orúkọ rẹ̀ kan gbogbo etí ọ̀sà. Lọ́jọ́ kan, ó bọ́ aago lọ́wọ́ kó lè jẹ ẹja dáadáa, Dosi sì fi í sọ́wọ́ láti wò ó bóyá yóò yẹ òun. Abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fẹ́ iná. Kí Rewájú tó fọwọ́ tán, aago ti ka ẹgbàá ìṣísẹ̀.

"Bùrọ̀dá Rewájú," Dosi ní, "aago yín yìí ní mo ti ń rìn lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Èmi ò sì kúrò nídìí ẹja mi o. Mawu, Ọlọ́run mi, ṣé kì í ṣe ẹ̀mí àìrí ló wà nínú ẹ̀?"

"Má bọ́ ọ," Rewájú ní. "Jọ̀ọ́, Dosi, má bọ́ ọ mọ́ láyé."

Láti ọjọ́ náà, Dosi ló ń rìn, Rewájú ló ń sùn. Ẹgbàásàn-án ìṣísẹ̀ lójúmọ́! Olùdarí fi fọ́tò Rewájú kọ́ sára ògiri. Ó ní àwọn wolé-wolé yòókù ń fi ẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n Rewájú ń fi ìfẹ́ orílẹ̀-èdè rìn.

Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ní tòótọ́ ni Sagbo. Kankon ni wọ́n fi í sí, ó sì ti ń ṣe wolé-wolé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó mọ ilé tó ní ṣáláńgá àti èyí tí kò ní. Ó mọ ẹni tó ń da omi ẹja sójú ọ̀nà, ó sì mọ ìyá ẹni náà. Oṣù mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìntì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá lé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, gbogbo ọdún rẹ̀ ti di omi tó dà sórí iyanrìn.

Wàyí o, Kankon kò jìnnà sí ààlà, gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló sì mọ̀ pé fóònù wọn kò ní ìlú kan pàtó. Ó lè jí ní Nàìjíríà, kó sì ti di ará Benin kí ògì tó jinná, nítorí pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tọ̀hún máa ń lágbára ju tibí lọ. Lẹ́tà á kàn wọlé pé, "Ẹ káàbọ̀ sí Benin." Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i kò ju ìlàjì ìṣẹ́jú lọ. Wọn á wọ inú ètò fóònù, wọn á yọ ọ́ kúrò ní kó máa fúnra rẹ̀ yan nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, wọn á fọwọ́ mú ti ilé, ó parí. Àwọn ọlọ́kadà ń ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ kan. Àwọn tó ń ta gàrí ń ṣe é láìwo ojú fóònù. Sagbo nìkan ni kò gbọdọ̀ ṣe é, nítorí Olùdarí ti ní kí wọ́n má tẹ ohunkóhun.

Ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kò mọ ilẹ̀ tí ènìyàn tẹ̀. Ohun tó mọ̀ kò ju orílẹ̀-èdè tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù ti wá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Sagbo ń rìn ní Kankon nínú oòrùn, tí ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà ní Benin. Lẹ́tà mọ́kànlá ló gbà láàárín oṣù kan. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló kà wọ́n. Nígbà tó yá, àwọn aládùúgbò náà gbọ́, ọ̀rọ̀ sì wọlé dé etí Bísọ́lá ìyàwó rẹ̀.

"Ta ni obìnrin tí ẹ ní sí Àjàṣẹ́, ní Benin lọ́hùn-ún?" Bísọ́lá bi í.

"Bísọ́lá, èmi? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn mí yìí?"

"Ìjọba ò lè kọ lẹ́tà mọ́kànlá lásán. Ẹ lọ jẹun níbi tí ẹ ti ń rìn."

Ó dun Sagbo ju iṣẹ́ lọ. Ó wọ aṣọ kakí rẹ̀, ó lọ bá Olùdarí ní ọ́fíìsì.

"Sagbo," Olùdarí ní, láì kí àgbà tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, "báwo ni Kútọnu?"

"Ọ̀gá, Kankon ni mo wà, sà. Mi ò lọ Kútọnu."

"Ẹ̀rọ ní o lọ."

"Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ń wí yẹn, sà, ẹ̀yìn ilé ìwé ni mo wà, tí mo ń jẹ́ kí wọ́n kó ìdọ̀tí. Àwọn olùkọ́ rí mi. Ẹ bi wọ́n."

"Olùkọ́ jẹ́ ènìyàn. Mo ti sọ ohun tí ènìyàn ń ṣe."

Hikmat dìde níbi kọ̀ǹpútà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ń fò. Gbogbo fóònù ní Kankon ló ń ṣe é. Ìlàjì ìṣẹ́jú ni mo fẹ́ fi tún un ṣe, kó má fò mọ́."

Olùdarí wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Hikmat, èwo nínú èmi àti ìwọ ni Ọ̀mọ̀wé?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ǹjẹ́ ẹnì kan sọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó ń fò fún mi ní ibi tí mo ti gboyè?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Kò sí. Nítorí náà kì í fò." Ó yíjú sí Sagbo. "N kò ní lé ọ níhìn-ín. Ó ti kéré jù. Alhaja Tọ̀yìbátù, ọ̀gá àgbà ní olú iléeṣẹ́, ń bọ̀ láti Ìkẹjà ní Ọjọ́bọ̀ láti wá wo ẹ̀rọ mi. Kankon gan-an la ó ti ṣe ayẹyẹ náà. Níṣojú ará ìlú rẹ ni n ó ti bọ́ aago lọ́wọ́ rẹ, kí gbogbo etíkun lè kọ́gbọ́n. Ìwọ tí o fẹ́ràn àjò, ìwọ ni n ó fi dá àpẹẹrẹ."

"Ẹ wo ọgbọ́n!" Shamsudeen kígbe. "Ẹ wo àánú!"

Sagbo tẹríba, ó jáde. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, n kò sì ní purọ́ pé kò bí mi. Ṣùgbọ́n baba náà jí ní ọjọ́ kejì, ó yí gbogbo Kankon ká gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ní gọ́tà kò mọ̀ pé wọ́n ti dá òun dúró.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, Hikmat pe àwọn wolé-wolé jọ sẹ́yìn ọ́fíìsì, àfi Sagbo tí wọ́n ti dá dúró, tó sì ti pa fóònù rẹ̀. Ó gba fóònù wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ mú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé fún wọn, kó má baà di pé gbogbo iléeṣẹ́ ṣí lọ sí Benin lójú àlejò. Òótọ́ ni pé òfin kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òfin ti sùn lọ lórí àga rẹ̀. Nígbà tó jí, ọmọbìnrin náà lọ bá a.

"Ọ̀gá, Kankon là ń lọ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí n tún fóònù yín ṣe."

"Fóònù èmi?" Olùdarí rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Fóònù tó bá mọ ẹni tó ni ín kì í sá."

Ọjọ́bọ̀ pé. Wọ́n ta àtíbàbà sí Kankon, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan sójú agbo, níbi tí orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wà pẹ̀lú iye ẹsẹ̀ tí wọ́n rìn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọ̀ ewé ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti sá, pupa. Orúkọ Olùdarí ló ṣáájú, gàdàgbà, àwọ̀ ewé bíi ewé ewúro. Iye ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni igba ó lé méjìlá.

Alhaja Tọ̀yìbátù dé. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó fi okùn kọ́ awò ojú rẹ̀ sọ́rùn, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo tẹlifíṣọ̀n náà.

"Olùdarí, igba ẹsẹ̀ nìkan lẹ rìn láti àárọ̀?"

"Alhaja, a kì í ka ẹsẹ̀ ọba."

Alhaja kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Wọ́n pe Rewájú láti wá gba ẹ̀bùn ẹni tó rìn jù. Ó ti gba ẹ̀bùn náà, ó ti jókòó sórí àga iwájú, ṣùgbọ́n iye ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gòkè sí i lójú tẹlifíṣọ̀n. Alhaja fi awò sójú.

"Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó yìí, ẹsẹ̀ wo ló fi ń rìn?"

Olùdarí kò tilẹ̀ ronú. "Alhaja, òṣìṣẹ́ tòótọ́, bó bá jókòó pàápàá, ọkàn rẹ̀ ń rìn!"

"Ọkàn rẹ̀ ń rìn!" Shamsudeen gbè é.

Ní ìlà kẹta, Dosi jókòó láàárín àwọn obìnrin Ajido, ooru mú un, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀ kíkankíkan. Ó rí i pé Alhaja ń wo òun. Ó dá abẹ̀bẹ̀ dúró. Ẹsẹ̀ Rewájú dúró lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó tún fẹ́ ẹ díẹ̀. Ẹsẹ̀ Rewájú tún gbéra. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu. Alhaja yí ojú ìwé rẹ̀ sí òmíràn.

Ẹlòmíràn ì bá ti ibẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ń yọ̀. Ṣùgbọ́n Olùdarí ti pe Sagbo síwájú agbo, ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó fi ọjọ́ mẹ́rin kọ́ sórí. Sagbo dúró nínú oòrùn pẹ̀lú aṣọ kakí rẹ̀ tó ti ṣá, ó wolẹ̀. Bísọ́lá dúró lẹ́yìn àwùjọ, ó fi ìborùn bo ẹnu.

"Ẹ wò ó!" Olùdarí ń wí. "Ẹ wo ẹni tí orílẹ̀-èdè bọ́ tó lọ ń sin orílẹ̀-èdè mìíràn! Àwa ń jìyà níhìn-ín, òun ń jẹ búrẹ́dì gígùn ní òkè ààlà! Ṣé ó lè sẹ́ ẹ? Ẹnu rẹ̀ lè sẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ̀rọ kì í purọ́!"

Ó sọ ọ́ títí. Ó kí ara rẹ̀, ó kí aago, ó ka oríkì oyè ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Láàárín ọ̀rọ̀ náà, aago gbọ̀n rìrì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀, ó kàn gbé ọwọ́ sókè bí ìṣe rẹ̀.

"Aago ti sọ̀rọ̀!" Shamsudeen ké.

"A ti gbọ́!" ni àwọn òṣìṣẹ́ dáhùn, gbogbo àtíbàbà sì dìde. Alhaja pàápàá dìde, ó rò pé orin orílẹ̀-èdè ni wọ́n fẹ́ kọ. Nígbà tí gbogbo wọn dìde tán, ojú wọn bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n.

Orúkọ àkọ́kọ́ ti pọ́n bíi ata rodo. *Akóredé Gbádéyan. Kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Orílẹ̀-èdè: Benin.*

Kí wọ́n tó lanu, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápò gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà ti jáde. Hikmat kò tẹ nǹkan kan, ẹ má dá a lẹ́bi. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n, Alhaja sì kà á sókè bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn.

"'Ìwọ Akóredé Gbádéyan. Nítorí pé o ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ bí ẹni fi ọmọ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí o sì sá lọ jẹ̀gbádùn nílẹ̀ àjòjì, èmi Olùdarí dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti ìṣẹ́jú yìí lọ. Má ṣe bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò sí nínú ẹ̀rọ. Èmi ni, Ọ̀mọ̀wé Olóyè Akóredé Gbádéyan.'" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Olùdarí, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

Olùdarí tún agbádá rẹ̀ ṣe. "Èdè náà... èdè náà jọ tèmi."

"Ó ti dé Ìkẹjà báyìí. Ẹ wá dá mi lóhùn. Níbo lẹ wà?"

Hikmat ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́. "Ọ̀gá, ẹ mú fóònù wá. Ìlàjì ìṣẹ́jú."

"Ẹ dúró ná," Alhaja ní. "Ọmọ mi, kí wọ́n tó fún ọ. Olùdarí, ohun méjì ló wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá lè ṣìnà, ẹ wà ní Kankon, Bàbá tó dúró sínú oòrùn yìí náà wà ní Kankon, ẹ sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín kì í bá purọ́, lẹ́tà yín ti bá yín. Ẹ mú ọ̀kan."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ èyí tí ẹ̀yin yóò mú. Àní ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ lẹ́yìn àtíbàbà mọ èyí tí òun yóò mú. Kí ọkùnrin kan sáà sọ pé, "Mo ṣìnà, Sagbo, má bínú," kó gbé fóònù lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, ká sì lọ jẹ ìrẹsì. Olùdarí wo Sagbo. Ó wo ará ìlú. Ó wo aago rẹ̀. Ó na ọrùn.

"Mo wà ní Benin," ó ní.



"Ẹ wà níbo?" Alhaja béèrè.

"Ara mi lè dà bí ẹni pé ó wà ní Kankon. Ojú lásán ni. Ní ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, mo wà ní Benin. Iṣẹ́ àṣírí ìjọba ni mo lọ ṣe níbẹ̀."

"Ó wà ní Benin," Shamsudeen wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó sì ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ méjì.

"Bọ́ńjúù, Ọ̀gá!" ọlọ́kadà kan kígbe láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín bẹ́. Dosi rẹ́rìn-ín títí abẹ̀bẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Alhaja kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló fún yín láyè láti kúrò ní Nàìjíríà lónìí? Kò sí ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó dáa. Mo gba ọ̀rọ̀ ẹnu yín, mo sì gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yín. Iṣẹ́ yín ti dópin láti ìṣẹ́jú tí lẹ́tà náà wí." Ó kọ ọ́, ó fa ìlà sí i nídìí. Ó wá yíjú sí Sagbo. "Bàbá, ẹ tan fóònù yín."

Sagbo tàn án. Orúkọ rẹ̀ yọ ní pupa, Benin. Hikmat gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Kí ènìyàn tó ka ogún, orúkọ náà di àwọ̀ ewé.

"Ṣé ẹ gbé ẹsẹ̀ ni?" Alhaja bi í.

"Rárá o, Màmá. Ibi tí mo dúró sí náà nìyí."

"Nígbà náà ẹ kò lọ ibì kankan rí. Mo fagi lé lẹ́tà mọ́kànlá náà. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sì fẹ̀yìntì pẹ̀lú iyì."

Bísọ́lá la àárín àwùjọ kọjá, ó dúró níwájú Sagbo, ojú tì í. "Bàbá wa," ó ní, "oúnjẹ wà nílé." Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú omi bọ́ lójú bàbá náà.

Àwọn àlejò lọ. Shamsudeen ló gbé báàgì Alhaja dé ìdí ọkọ̀, ó ń sọ fún un lọ́nà pé òun ti ń fura sí ọkùnrin yẹn tipẹ́. Àwọn tó ni àtíbàbà ń tú u. Olùdarí nìkan ló ṣì jókòó sórí àga tí wọ́n fi aṣọ àrán bò, láàárín òfìfo ọ̀rá omi tí ayẹyẹ ìmọ́tótó dà sílẹ̀. Dírẹ́bà ti gbé mọ́tò iléeṣẹ́ padà, ó ní òun kò lè lọ gbé ẹni tó wà ní Benin.

Sagbo ń ṣa ọ̀rá omi náà bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí Kankon rẹ̀ ni. Ó dé iwájú àga, ó dúró.

"Ọ̀gá," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ mú fóònù yẹn wá. Mo wò ó bí Hikmat ṣe ṣe é."

Olùdarí wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹni tó ń wò wọ́n. Ó fi fóònù náà lé e lọ́wọ́. Sagbo tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó dá a padà.

"Ó ti parí. Ẹ ti padà dé Nàìjíríà. Ẹ kú àbọ̀, sà."

Àkókò náà gan-an ni aago gbọ̀n rìrì. Oṣù méje kì í ṣe ọjọ́ kan. Ara ọkùnrin náà ti mọ́ ọn. Ó dìde fùú, ó na àyà, ó mí sínú, ó dúró de ohùn àwọn tí yóò dáhùn. Àwọn alátíbàbà ń ká taapólì wọn lọ.

Sagbo ti ń rìn láti àárọ̀, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún. Ó rí i pé àga ti ṣófo, ó sì jókòó.